Sípánà Kẹrìnlá

Ká ní Demyan pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Solomiya ni, ìtìjú tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má kàn án. Fíríìjì ni wọ́n pè é wá tún ṣe. Oṣù karùn-ún ni, ọdún mélòó kan kí ogun tó dé ilẹ̀ wa, oòrùn ti ń mú, fíríìjì tí wọ́n ń kó áísìkiriìmù sí ní ẹnu ọ̀nà Ọgbà Bàálù sì kọ̀, kò tutù mọ́. Ọgbà Bàálù ni gbogbo wa ń pe pápá ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn bàálù ogun láti ìgbà ìjọba Soviet dúró sí láàárín koríko. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wá wò wọ́n, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó sì máa ń wá ya fọ́tò lábẹ́ ìyẹ́ wọn.

Solomiya ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Ilé ìtajà oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, á wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí bàbá rẹ̀ ló ń fọ àwọn bàálù náà. Ó bu omi fún Demyan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń tú ẹ̀yìn fíríìjì.

"Ṣé o tiẹ̀ ti wọ inú ọgbà yìí rí," obìnrin náà bi í, "àbí ẹ̀yìn fíríìjì nìkan lo mọ̀ láyé?"

Demyan gbójú sókè. Ẹ̀rín wà lójú Solomiya, inú Demyan sì dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, kò sí obìnrin tó ti bá a ṣeré báyẹn rí. Ó wo bàálù ńlá kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, ó sì gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, "Irú èyí ni bàbá mi wà."

"Páílọ́ọ̀tì ni wọ́n?"

"Páílọ́ọ̀tì ni. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà, ní ìlà oòrùn pátápátá, lẹ́bàá òkun. Wọ́n ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn."

Ikú yẹn nìkan ni òótọ́ inú rẹ̀. Zakhar, bàbá Demyan, kò gun òfuurufú rí láyé rẹ̀. Táńkà epo ló ń wà ní bárékè ìlú wa yìí gan-an, òun ló ń gbé epo lọ fún àwọn bàálù, títí ọtí fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Demyan wà nílé ìwé, àìmọye ìgbà ló ti lọ fa bàbá rẹ̀ dìde lẹ́bàá títì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò wọ́n láti inú bọ́ọ̀sì. Abúlé wọn jìnnà sí ìlú díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́gbà yìí. Ó wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, òun á sọ òótọ́ fún obìnrin yìí, àwọn á sì jọ fi rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó ń bọ̀ dé, ó kọjá. Wọ́n jẹ áísìkiriìmù, wọ́n rìn láti ìdí bàálù kan dé òmíràn, Solomiya fi ejìká gbá a. Demyan kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n pè é wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nílé Solomiya. Nina, ìyá rẹ̀, bu borshch, ọbẹ̀ pupa kan, sínú abọ́ fún un, ó sì wo èékánná ọwọ́ rẹ̀ fínnífínní.

"Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe," ni Nina sọ, bí ẹni pé Demyan kò sí níbẹ̀. "Dókítà wà nílé ìwòsàn tó ń béèrè ọmọ yìí lọ́wọ́ mi."

"Dókítà tó pá lórí yẹn?" Solomiya dáhùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní mílíìkì kíkan."

Panas, bàbá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òórùn ọṣẹ tó fi ń fọ bàálù sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ páílọ́ọ̀tì ni, Nina," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó ní kí Demyan sún mọ́ òun, ó sì fún un ní búrẹ́dì tó dára jù nínú àwo. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú ohùn yẹn dun Demyan ju ọ̀rọ̀ Nina lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó fẹ́ dìde. Solomiya fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Panas ń ka ṣíbí. Ó to gbogbo wọn sórí aṣọ tábìlì, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. "Mẹ́jọ. Ó pé," ni ó wí. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó dìde.

"Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Demyan béèrè nígbà tí àwọn méjèèjì bọ́ síta.

"Láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé ni. Nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì bàálù níṣẹ́ ológun. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí, màmá mi náà ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín." Ó di ọwọ́ Demyan mú. "Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ? O kì í fi bàbá rẹ fọ́nnu. Ọmọ páílọ́ọ̀tì mìíràn ì bá ti máa fi fọ́tò bàbá rẹ̀ nínú aṣọ ológun yangàn fún wa."

Demyan kò lè wò ó lójú. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀, ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n Solomiya fẹnu kò ó lẹ́nu lẹ́yìn ọgbà ṣẹ́rì, òótọ́ sì tún di ọ̀la.

Àárín oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lọ tọrọ Solomiya. Nílẹ̀ wa, ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, alárinà ló ń bá a sọ ọ́. Tí ilé ìyàwó bá gbà, wọn á gbé aṣọ ìnura funfun oníṣẹ́ ọnà pupa kọ́ alárinà léjìká. Tí wọn ò bá gbà, elégédé ni wọn á gbé lé ọkọ ìyàwó lọ́wọ́, á sì rù ú gba àárín ìlú lọ sílé, kí gbogbo ayé lè rí i. Kindrat, àbúrò ìyá Demyan, ni alárinà. Ẹnu rẹ̀ dùn, kò sí ìgbéyàwó tí kì í dá sí ní abúlé wọn. Ó ti gbọ́ irọ́ náà látẹnu Demyan, ó sì ní irọ́ ìfẹ́ kì í ṣe irọ́.

"Ṣùgbọ́n a ò lè lọ lọ́wọ́ lásán," Kindrat wí. "Wá nǹkan páílọ́ọ̀tì kan fún bàbá ìyàwó. Fìlà, bẹ́líìtì, ohunkóhun."

"Bàbá Kindrat, níbo ni màá ti rí nǹkan páílọ́ọ̀tì?"

Wọ́n tú àpótí Zakhar tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti rí sípánà kan tí a fi àkísà olóròóró wé. Ó ń dán, kò dípẹtà rárá. Wọ́n fín nọ́ḿbà sí i lára, 37, àti 14 lábẹ́ rẹ̀.

"Ó parí!" Kindrat pariwo. "Irin bàálù nìyí. A ó sọ pé ó fi ṣe ìrántí bàálù rẹ̀. Ẹni tó ń fọ bàálù, kí ló tún ń fẹ́?"

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a gbọ́n báyẹn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní bárékè rí ì bá sọ fún wọn pé páílọ́ọ̀tì kì í fọwọ́ kan sípánà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ni ọ̀kan, ẹni tó ń sin oyin ni èkejì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Solomiya, Kindrat bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwàdà alárinà láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ilé o! Ọdẹ ni wá. Ẹranko kan tí irun rẹ̀ dán la ń tọpasẹ̀ láti àárọ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó lẹ́yìn sítóòfù yín."

"Ọdẹ tí kò níbọn?" Nina dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ti wọ aṣọ tó dára, aṣọ ìnura oníṣẹ́ ọnà pupa sì ti wà lórí àga. Elégédé kan náà wà lábẹ́ fèrèsé, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ bí ọ̀rọ̀ á ṣe rí.

Wọ́n gbé búrẹ́dì kalẹ̀, wọ́n mu ọtí kan, wọ́n mu ìkejì. Demyan bá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ẹrù náà sí Panas, ó sì fi orúkọ bàbá Panas kún orúkọ rẹ̀ fún ọ̀wọ̀. "Ohun ìrántí bàbá mi ni, Panas Orestovych. Láti inú bàálù wọn."

Panas tú àkísà náà, ó sì wo sípánà náà. Ó yí i, ó fi àtàǹpàkò nu nọ́ḿbà rẹ̀, ó tún wò ó. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé kànfáàsì kan tí a ká jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín búrẹ́dì àti ọtí. Àpò kéékèèké wà lára rẹ̀, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, nọ́ḿbà 37 lára gbogbo wọn. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Àpò kẹrìnlá ṣófo.

"Èmi ni mẹkáníìkì bàálù mẹ́tàdínlógójì," Panas wí. "Ó wà lọ́gbà níbẹ̀, ní ìparí ìlà. Kí bàálù tó gbéra, o ní láti ka irinṣẹ́ rẹ. Tó bá balẹ̀, o ní láti tún un kà. Lọ́dún 1983, mo kà á, ó dín ọ̀kan. Sípánà kan nínú ẹ̀ńjìnnì, gbogbo ẹni tó wà nínú bàálù ti kú nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tú u palẹ̀, gbogbo wa, nínú òjò. A ò rí i. Wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀ nípò, wọ́n já ìràwọ̀ kan kúrò léjìká mi níwájú gbogbo ọmọ ogun. Láti ọjọ́ yẹn, Sípánà ni wọ́n ń pè mí." Ó gbójú sókè wo Demyan. "Níbo ni bàbá rẹ ti rí èyí?"

Demyan rí Solomiya tó ń wò ó, ó rí aṣọ ìnura lórí àga. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó gbé e mì.

"Bóyá ọjà ni wọ́n ti rà á," ó wí. "Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì."

"Ọjà," Panas wí lóhùn kékeré. "Ó já bọ́ nígbà náà nìyẹn, ẹnì kan sì rí i. Ọwọ́ mi ló ti bọ́." Ó ki sípánà náà bọ àpò kẹrìnlá, ó tún yọ ọ́, ó dá a padà fún Demyan. "Mú un lọ. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun ìrántí páílọ́ọ̀tì ni."

Nina gbé aṣọ ìnura kọ́ Kindrat léjìká. Solomiya gé búrẹ́dì, omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀. Wọ́n ti gba Demyan, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jalè.

Nígbà tó délé, ó gbé sípánà náà síwájú Motrya, ìyá rẹ̀. Motrya rí i, ó bá jókòó sórí àpótí.

"Mo sọ fún bàbá rẹ pé kó jù ú sódò," ó wí. "Páìpù táńkà rẹ̀ ló ń jò lọ́jọ́ náà. Ó rí sípánà lábẹ́ bàálù, ó ní òun á lò ó, òun á dá a padà kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Kó tó padà, ariwo ti ta. Wọ́n ń pariwo ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rù bà á, Demyan. Oyún rẹ wà nínú mi nígbà náà... rárá, o ti ń rìn. Mo gbàgbé. Mo mọ̀ ṣá pé a ti bí ọ. Ó ń retí kí wọ́n ṣíwọ́ wíwá a, wọ́n sì ṣíwọ́, wọ́n wá já ìràwọ̀ ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ọtí gan-an. Tó bá rí ọkùnrin náà níwájú, á sọdá títì."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ."

"Ojú ń tì mí," Motrya wí. "Kí ni kí n sọ?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Demyan kò fi lè sùn dáadáa. Bó bá dákẹ́, Solomiya di tirẹ̀, ṣùgbọ́n Panas á kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ló bọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ó di ọmọ olè, ó di òpùrọ́, elégédé á sì tẹ̀ lé e délé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ní ti òótọ́, kì í ṣe ìwà rere ló jà fún un. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé ìtìjú ẹni méjì káàkiri ni.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni àwọn ọmọ ogun àtijọ́ máa ń pàdé lọ́gbà lọ́dọọdún. Wọ́n wọ mẹ́dàlì wọn, wọ́n tẹ́ búrẹ́dì àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sórí tábìlì lábẹ́ ìyẹ́ bàálù mẹ́tàdínlógójì. Panas dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú korobá omi. Ọ̀gbẹ́ni Heorhii, tó jẹ́ páílọ́ọ̀tì bàálù náà nígbà kan, nawọ́ sí i.

"Sípánà! Wá mu ọtí! Àbí o ṣì ń wá a nínú koríko?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Panas náà rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Solomiya tó ń to ife kò rẹ́rìn-ín.

Demyan bọ́ síwájú. Ó gbé sípánà náà lé tábìlì láàárín ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀.

"Kò sọnù," ó wí. "Wọ́n jí i ni. Bàbá mi ló jí i. Bàbá mi kì í ṣe páílọ́ọ̀tì, Zakhar onítáńkà epo ni, bóyá ẹlòmíràn nínú yín rántí rẹ̀. Ó fi tún páìpù ṣe, ẹ̀rù bà á láti dá a padà. Panas Orestovych kò ju nǹkan kan nù. Ó kà á dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì dákẹ́, nítorí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn."

Solomiya ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo ni páílọ́ọ̀tì ti jẹ́ irọ́?"

"Láti ọjọ́ fíríìjì."

"Gbogbo ẹni tó ń ra oògùn lọ́wọ́ mi ni mo ti sọ fún pé ọmọ páílọ́ọ̀tì ni ọ́." Ohùn rẹ̀ já. "Ṣé mo béèrè páílọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ ni? Demyan, ta ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ?" Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì rìn lọ.

Panas ti jókòó sórí táyà bàálù náà. Heorhii ṣí fìlà lórí, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. "Panas," ó wí, "ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkùnrin aláròyé yẹn. Panas kò wò ó. Demyan ló ń wò.

"Bàbá rẹ máa ń sọdá títì tó bá rí mi," ó wí. "Mo rántí rẹ̀. Mo rò pé ó ń kẹ́gàn mi nítorí wọ́n já ìràwọ̀ mi." Ó gba sípánà náà. "Máa lọ sílé, ọmọ Zakhar."

Demyan lọ sílé. Kindrat fọ aṣọ ìnura náà, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, nítorí wọ́n ní láti dá a padà. Wọ́n ń retí elégédé. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò sí elégédé. Ní ọjọ́ kọkànlá, Nina pe Demyan lórí fóònù, ohùn rẹ̀ le. "Ọjọ́ Àìkú, ní aago kan. Wá jẹun. Má gbé ẹ̀bùn kankan dání."

Nígbà tó débẹ̀, ó wo abẹ́ fèrèsé lákọ̀ọ́kọ́. Elégédé náà ti kúrò níbẹ̀. Solomiya ṣí ilẹ̀kùn fún un láìkí i.

Wọ́n jókòó. Nina bu oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ̀kọ mílíìkì aláwọ̀ òféfèé kan. Ó tọ́ ọ wò. Elégédé ni.

"Jẹ ẹ́," Solomiya wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ibùdókọ̀ kí n lè gbé e wá fún ọ. Ó wúwo, ìbínú mi sì ń rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo wá sè é. Ìbínú mi ò tíì tán o, Demyan. Bí o bá tún purọ́ fún mi, òmíràn wà lóko."

"Mi ò ní purọ́ mọ́."

"Bàbá rẹ, báwo ni wọ́n ṣe rí? Òótọ́ ni kí o sọ."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti táńkà, ti títì, ti bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò dúró. Panas ń jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tó tán, Panas nu ẹnu rẹ̀.

"Ká ní ó wá bá mi ni," ó wí, "ǹ bá ti yá a."

Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ síta lọ wo igi ṣẹ́rì rẹ̀. Nina di abọ́ mú, kò lè gbé e. Ó ń wo tábìlì. Ṣíbí wà káàkiri ibi tí kálukú fi tirẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Demyan náà ń wò wọ́n. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó ti dé ìkẹrin kó tó mọ̀ pé ìka òun ló ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹnu òun ló ń jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Solomiya na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó sì bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó pé," ó wí. "Fi sílẹ̀."